Panadol Kì Í Ṣe Oògùn Ológbò: Ewu Tí Ó Wà Nínú Fífún Ẹran Ọ̀sìn Ní Oògùn Ènìyàn

Ní Ọ̀tà àti Sango-Ọ̀tà, oògùn kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ May & Baker ní ibi tí wọ́n ti ń po oògùn ní Ọ̀tà, Fidson náà ní tirẹ̀ ní Sango-Ọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míìsì kún gbogbo àdúgbò láti Tóògéètì títí dé Àtàn. Ẹni tí orí ń fọ́ lálẹ́ kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí Panadol rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ajá ilé ni kò jẹun láti àárọ̀, tàbí pé ológbò ni ó ń tiro, dókítà ẹranko kò sún mọ́ ilé bí kẹ́míìsì ti sún mọ́ ọn, owó rẹ̀ kò sì dà bí owó páálí oògùn kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n tú àpò oògùn tí ó wà nílé wò, kí wọ́n dá hóró kan sí méjì, kí wọ́n fi ẹran tàbí ẹ̀bà bò ó, kí wọ́n sì jù ú sí ẹranko náà lẹ́nu.

Ẹran ọ̀sìn kì í ṣe ohun ìṣeré lásán ní àdúgbò yìí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti lọ́nà Ìdìrókò ni ajá ń bá ọlọ́dẹ ṣọ́ lóru. Ológbò ni ó ń lé eku nínú ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àti gàrí. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń sin adìẹ tàbí ehoro sí ẹ̀yìnkùlé kí owó oṣù lè tó ná. Ẹni tí ajá ìṣọ́ rẹ̀ bá kú kò pàdánù ọ̀rẹ́ nìkan, ó pàdánù owó ńlá, ilé rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún olè.

Kì í ṣe ìkà ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò wọn ni pé ohun tí ó bá wo ọmọdé sàn kò lè pa ajá. Òótọ́ díẹ̀ tilẹ̀ wà nínú èrò náà, òun gan-an ni ó sì mú kí ó léwu. Àwọn dókítà ẹranko fúnra wọn máa ń lo oògùn tí wọ́n ṣe fún ènìyàn: amoxicillin, Flagyl, prednisolone, Piriton àti àwọn mìíràn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n mọ ẹranko tí ó lè gba oògùn kan àti èyí tí kò lè gbà á, wọ́n ń wọn ẹranko náà kí wọ́n tó ka hóró, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ àrùn tí wọ́n ń wò. Ajá kì í ṣe ènìyàn kékeré, ológbò kì í sì í ṣe ajá kékeré.

Hóró kan tó láti pa ológbò

Panadol ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ilé tí kò sí. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Panadol. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni paracetamol, òun kan náà ni ó sì wà nínú ọ̀kẹ́ àìmọye oògùn ẹ̀fọ́rí, ibà àti ọ̀fìnkìn tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 500 mílígíráàmù. Bí ènìyàn tí ó wọn 70 kílò bá gbé hóró kan mì, ohun tí ó kan kílò kọ̀ọ̀kan nínú ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 7 mílígíráàmù. Bí ológbò tí ó wọn kílò 3 bá gbé hóró kan náà mì, ohun tí ó kan kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 167. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yẹn bá gbé hóró mẹ́tàlélógún mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni wàhálà náà. Nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn, èròjà kan wà tí ó máa ń so paracetamol mọ́ nǹkan kan tí ó jọ ṣúgà, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èròjà náà. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣe ni pé ẹran jíjẹ nìkan ni ológbò àti àwọn ìbátan rẹ̀, bíi kìnnìún àti ẹkùn, fi ń gbé ayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹranko tí ń jẹ ewé àti èso ni ó máa ń bá májèlé ewéko pàdé, tí ara rẹ̀ sì ní láti mọ bí yóò ṣe tú u palẹ̀. Ológbò kò nílò ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì ti gbàgbé rẹ̀. Oògùn tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò yí padà di májèlé, yóò sì kọlu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́.

Láàárín wákàtí díẹ̀, erìgì ológbò náà yóò di aláwọ̀ kòkó tàbí kí ó dúdú bí aró. Yóò máa mí gúlegúle, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dúdú. Wọ́n ti rí ológbò tí ìwọ̀n 10 mílígíráàmù péré fún kílò kan ṣe ní jàǹbá. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá gé hóró kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹyọ kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè kó ológbò sí ìyọnu. Kò sí ìwọ̀n paracetamol kankan tí ó dára fún ológbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ajá fi díẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè tú lára oògùn náà, àwọn dókítà ẹranko kan sì máa ń lò ó fún un ní ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣírò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó 75 sí 100 mílígíráàmù fún kílò kan, ẹ̀dọ̀ ajá náà wà nínú ewu. Ọmọ ajá tí ó wọn kílò 5, tí wọ́n fún ní hóró kan péré, ti dé ojú ìlà náà. Ẹ̀rọ̀ wà fún un: acetylcysteine ni wọ́n ń pè é, òun náà ni wọ́n ń fún ènìyàn tí ó bá lo paracetamol ní àlòjù. Àmọ́ wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, ẹni tí ó bá sì ń dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́ lè má bá a mọ́.

Alábùkún, ibuprofen àti diclofenac

Ọmọ ìyá kan náà ni aspirin, ibuprofen, diclofenac àti naproxen. Gbogbo wọn ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ara, èyí tí ó ń fa ìrora àti wíwú. Èròjà tí wọ́n ń dí lọ́wọ́ yìí náà ni ó ń dáàbò bo inú ikùn kí omi kíkan inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́, òun náà ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé inú kíndìnrín bí ó ti yẹ. Ara ènìyàn ń fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀: ibuprofen máa ń pẹ́ nínú ara rẹ̀, egbò yóò sì dá sí ikùn rẹ̀. Ajá tí ó wọn kílò 10, tí wọ́n fún ní hóró ibuprofen 400 mílígíráàmù, ti gba ohun tí ó tó láti dá irú egbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àmì rẹ̀ ni èébì ẹlẹ́jẹ̀ àti ìgbẹ́ tí ó dúdú bí ọ̀dà. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kíndìnrín ni yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ológbò kò lè gba ìdajì ohun tí ajá lè gbà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń lo Alábùkún fún ẹ̀fọ́rí náà ní láti ṣọ́ra. Jacob Odulate ni ó ṣe oògùn oníyẹ̀fun yìí jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, àwọn ìyá àgbà sì gbẹ́kẹ̀ lé e títí di òní. Aspirin àti caffeine ni ó wà nínú rẹ̀. Caffeine, tí ó wà nínú kọfí, máa ń mú kí ọkàn ajá sáré ju bó ti yẹ lọ, ó sì lè mú gìrì wá. Aspirin ní tirẹ̀ kì í tètè jáde lára ológbò. Ohun tí ara ènìyàn ń fi wákàtí tú dànù, ológbò ń lo ju ọjọ́ kan lọ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fún un lónìí tí ó tún fún un lọ́la ń to májèlé lé májèlé. Ó yẹ kí àwọn tó ń ra Panadol Extra mọ̀ pé caffeine wà nínú òun náà pẹ̀lú paracetamol rẹ̀.

Ajá ìṣọ́ tí ó ti dàgbà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìbàdí sábà máa ń dun irú ajá bẹ́ẹ̀, pàápàá Alsatian àti Rottweiler, olówó rẹ̀ á sì máa fún un ní diclofenac lójoojúmọ́ nítorí pé ó rí i pé ó ń dìde dáadáa. Yóò dìde dáadáa lóòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Oògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún ajá wà, bíi carprofen àti meloxicam. Meloxicam ti ènìyàn náà wà ní kẹ́míìsì, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ tí ó jẹ́ 15 mílígíráàmù ju ìlọ́po méje ohun tí ajá tí ó wọn 20 kílò ń fẹ́ lójúmọ́ lọ. Orúkọ oògùn kan náà kò túmọ̀ sí ìwọ̀n kan náà.

Bákan náà ni ti ìpara ìrora tí wọ́n ń fi pa orúnkún. Púpọ̀ nínú wọn ni èròjà kan tí ó jẹ́ ìbátan aspirin wà nínú rẹ̀, yálà pẹ̀lú káńfọ̀ tàbí láìsí i. Ènìyàn kì í lá orúnkún ara rẹ̀. Ajá àti ológbò yóò lá a.

Bí diclofenac ṣe pa igún run ní Íńdíà

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ó yẹ kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Éṣíà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni igún bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní Íńdíà, Pakistan àti Nepal. Ẹ̀yà igún mẹ́ta ni ó kàn jù, iye wọn sì dín kù ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni. Lọ́dún 2004 ni àwọn onímọ̀ tí ó ṣèwádìí ní Pakistan fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé diclofenac ni. Àwọn darandaran ń lò ó fún màlúù tí ara ń ro. Bí màlúù náà bá kú, igún á jẹ òkú rẹ̀, kíndìnrín igún á sì bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Íńdíà fòfin de diclofenac ti ẹranko lọ́dún 2006. Àwọn darandaran wá ń ra ìgò abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe fún ènìyàn, wọ́n sì ń gún màlúù pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí ó di ọdún 2015 ni ìjọba pàṣẹ pé ìgò abẹ́rẹ́ diclofenac ti ènìyàn kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 3 lọ, kí ó má baà rọrùn láti fi tọ́jú màlúù mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, igún ti dọ́wọ̀n pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títa orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn ìbílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń dá lẹ́bi jù níhìn-ín. Síbẹ̀, òkú ẹran tí ó gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní àkìtàn. Ilẹ̀ ni kí wọ́n wà kí wọ́n sin ín.

Flagyl kò lè pa fáírọ́ọ̀sì

Bí ọmọ ajá bá ń bì, tí ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ le, Flagyl ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo ni ó sábà máa ń ṣe irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀, pàápàá bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àrùn yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1978 ni ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ajá, ó sì tàn ká gbogbo ayé kíákíá. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, Flagyl kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Omi ara tí ó ń gbẹ, àti kòkòrò tí ó ń gba inú ìfun tí ó ti bó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń pa ọmọ ajá náà. Dírípù àti abẹ́rẹ́ tí ó ń dá èébì dúró ni ó lè gbà á, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fi ń dán Flagyl wò nílé ni ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ti wà lórí dírípù. Bí Flagyl náà bá pọ̀ jù, ó ń ba ọpọlọ ajá jẹ́: yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹyinjú rẹ̀ yóò sì máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ojútùú, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Jik tí wọ́n fi omi là, ìwọ̀n kan sí ọgbọ̀n ìwọ̀n omi, ni wọ́n ń fi fọ ilé tí irú ajá bẹ́ẹ̀ kú sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fọ ẹ̀gbin kúrò.

Oògùn ibà ènìyàn ni ó tún wọ́pọ̀. Ajá tí ara rẹ̀ gbóná, tí erìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n lè ní ibà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà tí eégbọn ń kó ràn án ni, kì í ṣe ti ẹ̀fọn. Kòkòrò tí ó ń fà á yàtọ̀ sí ti ibà ènìyàn. Chloroquine, tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti dẹ́kun lílò gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà láti ọdún 2005, kì í wò ó. Díẹ̀ tí ó bá sì fi lé lórí ìwọ̀n lè dá ọkàn dúró.

Eégbọn, ọ̀tápíápíá àti ọ́ìlì dúdú

Èyí tí ó burú jù nínú ohun tí wọ́n ń fi sí ara ajá kì í tilẹ̀ ṣe oògùn rárá. Ọ̀tápíápíá ni. Dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òun ni ó sì wà nínú Sniper. Àwọn kan ń da á sínú omi láti fi wẹ ajá kí eégbọn lè kú. Eégbọn á kú. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń gba awọ ara wọlé, ajá á sì tún lá èyí tí ó kù lára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa ṣu, á máa tọ̀ láìlè dá a dúró, ẹran ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ihò ẹyinjú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, èémí rẹ̀ á sì le. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC ka títa ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí ó jẹ́ mìlílítà 100, ní ọjà gbangba àti ilé ìtajà ńlá léèwọ̀, nítorí àwọn ènìyàn tí ó ń kú nípa rẹ̀. Ohun tí ó lè pa géńdé ọkùnrin kò ṣe é fi wẹ ajá.

Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí wọ́n ń fi pa ajá tí ara rẹ̀ ń yún, tí irun rẹ̀ sì ń re. Ní àdúgbò tí mẹkáníìkì pọ̀ bí ti Sango, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí i gbà. Èérí irin àti kẹ́míkà ni ó kún inú rẹ̀, ajá á sì lá a. Ivermectin, tí Merck ti ń fi ta ìlú tí àrùn ojú fífọ́ etídò wà lọ́rẹ láti ọdún 1987, ń wo irú ara yíyún bẹ́ẹ̀ sàn lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Àmọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún màlúù le púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn irú ajá kan bíi Collie kò sì gbà á rárá. Ó ń wọ inú ọpọlọ wọn.

Dettol àti Izal náà ní ibi tí wọ́n dé. Ẹni tí ó ń fi Dettol wẹ ológbò ń fi májèlé wẹ̀ ẹ́, nítorí ìdí kan náà tí paracetamol fi ń pa á: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Bí ojú egbò bá wà lára ẹran ọ̀sìn, omi tí wọ́n sè tí ó ti tutù, tí wọ́n fi ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan sí ìdajì lítà rẹ̀, tó láti fi fọ̀ ọ́. Eégbọn tí kò pọ̀ ṣe é fi ọwọ́ tí a bò dì mú lẹ́bàá awọ ara, kí wọ́n sì fà á yọ.

Adìẹ àti ehoro ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀tà ti lórúkọ nínú ìṣẹ́ adìẹ láti ìgbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti dá oko rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí ó fi ipò olórí ìjọba ológun sílẹ̀ lọ́dún 1979. Àwọn oko ńlá ní dókítà ẹranko tiwọn. Ẹni tí ó ní ogún adìẹ lẹ́yìnkùlé kò ní. Kápúsù tetracycline ni ó ń tú sínú omi wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sín. Oògùn náà ń wọ inú ẹyin àti ẹran, ilé kan náà ni ó sì ń jẹ ẹyin ọ̀hún. Oògùn tí wọ́n ṣe fún adìẹ máa ń ní iye ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹyin tàbí ẹran rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára páálí. Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára páálí ti ènìyàn. Kòkòrò tí kò kú ń kọ́ bí yóò ṣe máa sá fún oògùn náà, ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi gbé ètò orílẹ̀-èdè jáde lọ́dún 2017 lórí àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́, tí ó sì kan ènìyàn àti ẹranko pọ̀.

Ehoro ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé amoxicillin, ampicillin tàbí Ampiclox mì láéláé. Ìfun ehoro kún fún kòkòrò tí ń bá a da koríko. Àwọn oògùn yìí á pa àwọn tí ó wúlò, àwọn búburú á sì gba ipò wọn; ehoro náà á ya ìgbẹ́ gbuuru, á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ehoro rò pé àrùn tí ó ń wò ni ó pa á.

Kí wọ́n tó ya ẹnu ajá

Ohun kan wà tí ó ju ọ̀rọ̀ ajá lọ. Ajá tí ìwà rẹ̀ ṣàdéédéé yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ohùn rẹ̀ yí, lè ní àrùn dìgbòlugi. Ó sábà máa ń dà bí ẹni pé eegun há a lọ́fun. Ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ ẹnu irú ajá bẹ́ẹ̀ nítorí kí ó lè fún un ní hóró oògùn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn náà ń mú ni ó ti ara ajá kó o, àrùn náà kò sì ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn. Kí wọ́n ti irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́ ibì kan, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lójú egbò, tàbí tí ó gé jẹ, gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́.

Bí ó bá ti gbé e mì

Bí ajá tàbí ológbò bá ti gbé oògùn ènìyàn mì, yálà wọ́n fún un ni tàbí ó jí i jẹ, epo pupa ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ mú. Epo pupa wúlò fún ọbẹ̀ ju fún májèlé lọ. Kì í pa oró oògùn. Bí wọ́n bá sì fi tipátipá rọ ọ́ sí ẹranko tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì kò sàn jù ú. Omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú ajá bì burú ju àwọn méjèèjì lọ, nítorí iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Dókítà ẹranko lè sọ pé kí wọ́n mú ajá bì, yóò sì sọ ohun tí wọ́n máa lò. Ti ológbò kò ṣe é dánwò nílé rárá. Ẹranko tí ó ti dákú, tí ó ń ní gìrì, tàbí tí ó mu kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ bì.

Ohun tí dókítà yóò béèrè kò ju mẹ́rin lọ: oògùn wo ni, hóró mélòó, ní aago mélòó, àti kílò mélòó ni ẹranko náà. Páálí oògùn náà dáhùn méjì nínú wọn, nítorí náà kí wọ́n mú un dání. Ní ti ìwọ̀n, kí olówó ajá gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, kí ó wá yọ ìwọ̀n tirẹ̀ kúrò. Ológbò ṣe é fi sínú báàgì, kí wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n onírẹsì.

Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ti aládàáni wà ní agbègbè Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì le lè dé ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, FUNAAB, ní Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn. Òfin tí ó de iṣẹ́ dókítà ẹranko ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1969, àjọ Veterinary Council of Nigeria ni ó sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gún ajá lábẹ́rẹ́ káàkiri àdúgbò kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ó bá jẹ́ dókítà lóòótọ́ kò ní bínú bí wọ́n bá béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀.